Inú Ọjà Ni Ohun Tí Ń Kọ́ Iṣan Ara Wà, Kì Í Ṣe Inú Abẹ́rẹ́

Gbígbé irin ti di eré ìdárayá tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fẹ́ràn. Láti Ìlọrin dé Lọ́kọ́ja, láti Àbújá dé Kàdúná, àwọn ọ̀dọ́ ń gbé irin ní ilé ìdárayá tó kún fún ẹ̀rọ ìgbàlódé, wọ́n sì ń gbé e ní àgbàlá lásán, níbi tí wọ́n ti fi kọnkéré rọ òṣùwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ irin méjèèjì. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin, ń wá kò ju méjì lọ: kí ara wọn ní iṣan, kí ikùn wọn má sì yọ. Ìfẹ́ rere ni. Ọ̀nà tí àwọn kan ń gbà wá a ló ń kọni lóminú, nítorí owó oúnjẹ ni wọ́n fi ń ra agolo, àwọn mìíràn sì ti kọjá agolo bọ́ sórí abẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ń kọ́ iṣan ń bẹ ní ọjà tí ìyá wọn ń ná lójoojúmọ́. Ohun tó kù kò ju ìwọ̀n, ètò àti sùúrù lọ.

Èròjà tí ara fi ń kọ́ iṣan ni amúaradàgbà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí purotéènì. Orúkọ Yorùbá yìí lè mú kí ènìyàn rò pé ọmọdé tó ń dàgbà nìkan ló nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí ènìyàn bá gbé ohun tó wúwo, iṣan rẹ̀ á rí ìpèníjà, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi amúaradàgbà tún un ṣe, á fi díẹ̀ kún un kí ó lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Àtúnṣe yìí máa ń gba wákàtí 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí oúnjẹ gbogbo ọjọ́ fi ṣe pàtàkì ju ohun tí ènìyàn mu ní kété tó sọ irin kalẹ̀, ìdí náà sì nìyí tí oorun alẹ́ fi jẹ́ ara iṣẹ́ náà.

Báwo ni amúaradàgbà ọ̀hún ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó? Ní ọdún 2018, ìwé ìròyìn British Journal of Sports Medicine gbé àkójọ ìwádìí 49 jáde, èyí tí ènìyàn 1,863 kópa nínú wọn. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé àǹfààní amúaradàgbà fún ẹni tó ń gbé irin ń pọ̀ sí i títí yóò fi tó nǹkan bíi gíráàmù 1.6 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn wọ̀n, lójúmọ́. Lẹ́yìn èyí, àfikún kò fi bẹ́ẹ̀ mú èrè wá. Ọ̀dọ́ tó bá wọn kílógíráàmù 70 nílò nǹkan bíi gíráàmù 112 lójúmọ́. Iye yìí ju ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń rí nínú gààrí àárọ̀, ìrẹsì ọ̀sán àti ẹ̀bà alẹ́ tí ẹran rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Síbẹ̀, kì í ṣe iye tí apá kò ká.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e lórí ìṣirò. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6. Gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, nǹkan bí agolo mílíìkì kan tí kò kún dé ẹnu, ní nǹkan bíi 23. Bí ọ̀dọ́ náà bá fi ẹ̀wà yìí ṣe mọ́ínmọ́ín láàárọ̀, tó sì jẹ ẹyin mẹ́ta mọ́ ọn, ó ti ní 41. Gíráàmù 100 ẹja sísè pẹ̀lú ìrẹsì ọ̀sán yóò fún un ní nǹkan bíi 22. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà, gíráàmù 50, lẹ́yìn ìdárayá yóò fún un ní 13 tàbí díẹ̀ sí i. Gíráàmù 100 ẹran adìyẹ tí kò ní awọ, pẹ̀lú àmàlà níwọ̀nba àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀fọ́ lálẹ́, yóò fi 25 kún un ó kéré tán. Gbogbo rẹ̀ ti lé ní 100, láì tíì ka èyí tó wà nínú ìrẹsì, ẹ̀fọ́ àti àmàlà. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó ti òkè òkun wá nínú agolo.

Ọgbọ́n kan tún wà nínú oúnjẹ àwọn baba ńlá tí ìmọ̀ òde òní jẹ́rìí sí. Ẹ̀wà ní lysine púpọ̀ ṣùgbọ́n methionine rẹ̀ kéré. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn méjèèjì wà lára ohun tí ara kò lè ṣe fúnra rẹ̀, tó gbọ́dọ̀ ti inú oúnjẹ wá. Ti àgbàdo yàtọ̀: lysine rẹ̀ ló kéré, ó sì ní methionine ju ti ẹ̀wà lọ. Ẹni tó bá ń jẹ àdàlú, tàbí tó ń fi ẹ̀kọ mu mọ́ínmọ́ín, ti so méjèèjì pọ̀ láì mọ orúkọ wọn. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tí agbára rẹ̀ kò ká ẹran lójoojúmọ́ kò ní láti sọ̀rètí nù. Ẹ̀wà, wàrà, wàrà ṣọ́yà, ṣáwá, edé àti kúlíkúlí wà níbẹ̀ fún un. Òótọ́ ni pé owó ọjà ti gbówó lórí, ẹ̀wà pàápàá kò rọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ni ìdí tí kò fi yẹ kí owó díẹ̀ tó wà bá agolo lọ.

Ní ti kí ikùn má yọ, àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀. Àwọn kan ń jẹ ohun gbogbo tí ojú wọn rí, wọ́n ní àwọn ń kó ara jọ. Àwọn mìíràn pa òkèlè tì pátápátá, agbára wọn sì ń tán ní ìdajì iṣẹ́. Òkèlè àti ìrẹsì ni epo tí ara fi ń gbé irin. Ìwọ̀n wọn ló yẹ kí a ṣọ́, kì í ṣe kí a lé wọn jáde nílé. Ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ eléré ìdárayá sábà máa ń fúnni ni pé kí àfikún oúnjẹ mọ níwọ̀nba, débi pé ẹni tó wọn kílógíráàmù 70 kò ní fi ju gíráàmù 350 lọ kún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ́sẹ̀. Ìfikún tó bá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rá ló máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rá ti ń yọ́ wọlé jù lọ ni inú ìkòkò ọbẹ̀ àti inú ìgò. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan epo pupa tàbí òróró ní nǹkan bíi kálórì 120. Ṣíbí méjì tó lé nínú ọbẹ̀ ti tó gbogbo àfikún tí ọ̀dọ́ náà nílò lọ́jọ́ kan. Èyí ni mọ́ínmọ́ín fi sàn fún un ju àkàrà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀wà kan náà ni wọ́n fi ṣe méjèèjì. Ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò pẹ̀lú kò kọ́ iṣan kankan. Ṣúgà lásán ni.

Kí a má baà ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, ìyẹ̀fun amúaradàgbà inú agolo kì í ṣe májèlé, kì í sì í ṣe idán. Omi tó ń ṣẹ́kù lára mílíìkì nígbà tí wọ́n bá ṣe wàràkàṣì ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Ó bá omi tó ń ro lára wàrà àwọn Fúlàní tan. Ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan rẹ̀ kò ju amúaradàgbà ẹyin mẹ́rin lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ tó lè rà á, bí ó bá ti rí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ àjọ NAFDAC lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi oúnjẹ ọ̀sán rà á ti fi màlúù ra ọ̀bẹ.

Ibi tí ewu gidi wà ni òògùn. Àwọn kan ń gún ara wọn ní abẹ́rẹ́ testosterone àti irú rẹ̀ láì sí àṣẹ dókítà. Bí họ́mọ̀nù yìí bá ti ìta wọlé, ara á dáwọ́ dúró láti máa ṣe tirẹ̀: kóró ẹpọ̀n á súnkì, àtọ̀ á dínkù, ọmọ bíbí á sì di ìṣòro. Ó tún lè ba ọkàn jẹ́, àwọn oníhóró irú rẹ̀ sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Àwọn mìíràn ń ra dexamethasone nítorí wọ́n gbọ́ pé sítẹ́rọ́ìdì ni. Sítẹ́rọ́ìdì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú tí ń kọ́ iṣan. Omi àti ọ̀rá ló ń mú ojú wú, iṣan gan-an ló sì ń jẹ run bó bá pẹ́ lára, yàtọ̀ sí pé ó ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ohun tí ọ̀dọ́ náà ń kọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ń wó o.

Kò yẹ kí orílẹ̀-èdè yìí gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Glasgow ní ọdún 2014. Níbi ìdíje Commonwealth, wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ wúrà lọ́wọ́ ọmọbìnrin Nàìjíríà kan, ọmọ ọdún 16, tó gbé irin ní ìpele kílógíráàmù 53, nítorí pé wọ́n bá òògùn tí ń mú ènìyàn tọ̀ nínú ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 16 kì í dá nìkan wà nínú irú eré ìdárayá bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ló yẹ kó máa bi ara wọn léèrè irú ìmọ̀ràn tí àwọn ọmọ ń rí gbà nípa ohun tó ń wọ ẹnu wọn.

Nítorí náà, iṣẹ́ kan pàtàkì wà lọ́rùn àwọn tó ń kọ́ ọ̀dọ́ ní gbígbé irin: kí wọ́n kọ́ wọn ní oúnjẹ kí wọ́n tó fi agolo kankan hàn wọ́n, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń kiri abẹ́rẹ́. Kí àwọn òbí má rí ẹyin kẹta gẹ́gẹ́ bí ọ̀kánjúwà. Kí ìjọba sì rí i pé òògùn tó nílò àṣẹ dókítà kò sí lórí igbá. Ẹni tó bá ní àrùn kíndìnrín, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà kí ó tó fi amúaradàgbà kún oúnjẹ rẹ̀.

Oṣù mélòó kan ni iṣan fi ń hàn, ọdún mélòó kan ló fi ń dúró. Ọ̀dọ́ tó bá mọ èyí kò ní kánjú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.