Fọ́máàtì kì í ṣe oògùn wifi tó ń já

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè gbé mì mọ́. Bí wifi bá ti ń já lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká ẹnì kan, yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, ohun àkọ́kọ́ tí yóò sì gbọ́ ni: "A máa fọ́máàtì ẹ̀ ni." Wọ́n á gbowó, wọ́n á nu inú ẹ̀rọ náà mọ́ féfé. Fọ́tò á lọ, ìwé á lọ, èsì ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ìwé á bá a lọ. Tó bá di ọjọ́ kẹta, wifi á tún já. Àwa olùkọ́ mọ ohun tí èyí ń náni: èsì sáà kan fún kíláàsì ọmọ 60, ta ni yóò jókòó tún un kọ?

A kò bá gbogbo wọn wí o, ọ̀pọ̀ wọn mọṣẹ́. Àwọn tí à ń bá wí ni àwọn tí kì í bi oníbàárà ní ìbéèrè kan ṣoṣo kí wọ́n tó nu ẹ̀rọ rẹ̀: fóònù tó wà lórí wifi kan náà, níbi kan náà, ṣé òun náà ń já? Bó bá ń já, kí ni kọ̀ǹpútà ṣe? Mọ́dẹ́ẹ̀mù ni ká lọ wò, tàbí àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa.

Mọ́dẹ́ẹ̀mù ọ̀hún gan-an, ibo là ń gbé e sí? Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, nínú yàrá tó jìnnà jù, a ó wá lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níta, kí ìgbì rẹ̀ la ògiri mẹ́ta kọjá wá bá wa! Ògiri tó nípọn ń dín agbára rẹ̀ kù, irin sì ń dá a padà. Ọ̀nà méjì ló wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́dẹ́ẹ̀mù òde òní. 2,4 GHz ń lọ jìnnà, ó ń la ògiri kọjá, àmọ́ wifi àwọn aládùúgbò, Bluetooth àti ààrò microwave ń fún un lọ́rùn níbẹ̀. 5 GHz yára, ṣùgbọ́n ògiri kì í pẹ́ borí rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sọ́nà jíjìn, kó dúró lórí 2,4.

Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan ló ń já ńkọ́? Ẹ tẹ orúkọ wifi náà, ẹ mú "Oublier", kí ẹ tún ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kọ. Bí kò bá gbọ́, ẹ wọ "Gestionnaire de périphériques", ẹ ṣí "Cartes réseau", ẹ wá ẹ̀yà wifi, ẹ lọ sí "Propriétés", lẹ́yìn náà "Gestion de l'alimentation". (Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ o, iná ni wọ́n ń sọ.) Ẹ ó rí i níbẹ̀: "Autoriser l'ordinateur à éteindre ce périphérique pour économiser l'énergie." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ẹ̀rọ yín ti gbàṣẹ láti fúnra rẹ̀ pa wifi kó lè tọ́jú iná! Ẹ yọ àmì iwájú rẹ̀ kúrò. Ẹ̀rọ mìíràn kò ní ojú ewé yìí, àmọ́ èyí tó ní i pọ̀. Pilote wifi náà ṣeé pààrọ̀ láìfọwọ́ kan ìwé yín kankan.

Ẹni tó bá ní kò sí bí a ṣe lè mọ ohun tó fà á, kó ṣí "Invite de commandes" gẹ́gẹ́ bí administrateur, kó tẹ netsh wlan show wlanreport. Windows á to gbogbo ìgbà tí wifi já láàárín ọjọ́ 3 tó kọjá sílẹ̀, pẹ̀lú ìdí tí òun rí.

Nítorí náà, ẹni tó bá tún dárúkọ fọ́máàtì fún yín, ẹ bi í léèrè ohun tí ìròyìn yẹn sọ. Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ yín, ẹ máa lọ sílé. Bí fọ́máàtì ló bá sì kù lóòótọ́, kó kọ́kọ́ kó ìwé yín sórí clé USB níṣojú yín, kí ẹ ṣí i wò lórí ẹ̀rọ mìíràn, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.