Dídà Oúnjẹ Nínú Ejò Mọ́námọ́ná

Àṣìṣe ni láti pe iṣẹ́ ikùn mọ́námọ́ná ní "lílọ oúnjẹ". Mọ́námọ́ná ni ejò tí ń ká ara rẹ̀ bí bọ́ọ̀lù, èyí tí wọ́n ń kó láti Togo, Benin àti Ghana lọ fún àwọn tí ń sin ejò ní Amẹ́ríkà. Kì í rún eku lẹ́nu. Odindi ni í gbé e mì. Oje inú rẹ̀ ni í mú ẹran àti egungun dà. Irun ni kì í dà. "Dídà oúnjẹ" ni ó tọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ju ti orúkọ lọ. Ọlọ kò bèèrè ooru, ṣùgbọ́n ara ejò kì í dá ooru tirẹ̀ ní. Bí òtútù òru ọyẹ́ bá ká a mọ́ inú àpótí ní Challenge, Ìlọrin, eku lè jẹrà nínú rẹ̀ kí ó tó dà, ejò a sì bì í. Ẹni tí ó ka ikùn sí ọlọ yóò tún ju eku mìíràn sí i.