Ọjọ́ Ìdágbére Kọ́ Ni À Ń Bẹ̀rẹ̀ Ẹ̀kọ́ Ilé

Agbójú kò jìnnà sí Ọ̀tọ̀-Ìjànìkin, níbi tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Adéníran Ògúnsànyà wà kí ìjọba tó sọ ọ́ di ara Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2022. Ojú ọ̀nà Àgbádárìgì kan náà ni méjèèjì wà. Síbẹ̀, òbí tí ó sin ọmọ débẹ̀ mọ̀ pé ìrìn-àjò kékeré kọ́. Bí wọ́n bá ti sọ àpótí, garawa àti gàrí kalẹ̀ tán, ìmọ̀ràn ló kù. Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń fi í sọ: “Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe.”

Ìdílé, oríkì, èèwọ̀ àti orúkọ rere ló wà nínú gbólóhùn yìí. Báwo ni yóò ṣe yé ọmọ Yorùbá tí a fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan tọ́ ní Festac, ìlú tí a kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ti ọdún 1977?

Àwọn kan yóò ní Gẹ̀ẹ́sì ló ń mú ọmọ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Nítorí náà, kí òbí má ṣe fi ìmọ̀ràn dúró de ẹnu ọ̀nà ọgbà. Kí olùkọ́ náà máa rán àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ béèrè oríkì wọn nílé. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.