Koríko Tí Ẹ̀ẹ̀rùn Kò Lè Pa

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún lóṣù yìí kò ju pé kí ẹ jáde sí àgbàlá yín, kí ẹ wo ibi tí omi ń gbà jáde nígbà tí òjò bá rọ̀.

Ní ọdún 2019, òjò kan rọ̀ mọ́jú ní Kàdúná níbi tí a ń gbé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gbàrá ti gbẹ́ ihò gba abẹ́ ògiri àgbàlá wa, omi wa sì ti wọ ilé ìdáná Àlájà tí ilé wọn wà ní ìsàlẹ̀ tiwa. Àpò gàrí tí wọ́n gbé sílẹ̀ ṣòfò. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn pè mí sí ìdí ògiri, wọ́n ní, "Ìyá Rùkáyá, wá wo ọ̀nà tí omi yín gbà." Ìtìjú ọjọ́ náà ni ó sọ mí di ẹni tí ń gbin koríko, nítorí pé ọwọ́ ara wa ni a fi fà á. Ní ọdún tí ó ṣáájú, a ti ha gbogbo koríko ilẹ̀ náà kúrò, a sì ń gbá ilẹ̀ pupa náà láràárọ̀ títí ó fi ń dán. A pè é ní ìmọ́tótó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí kò ní gbòǹgbò nínú kò ní ohun tí yóò dì í mú.

Baálé mi fẹ́ rẹ́ gbogbo rẹ̀ ní símẹ́ńtì. Owó rẹ̀ kò sí, bí ó bá sì wà, omi tí ó bá bọ́ sórí símẹ́ńtì kì í wọlẹ̀. Yóò tún sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bá Àlájà ni.

Koríko tí a wá gbìn sí ìdí ògiri ni èyí tí wọ́n ń pè ní fẹ́tífà. Ilẹ̀ Íńdíà ni ó ti wá, níbi tí wọ́n ti mọ gbòǹgbò rẹ̀ fún òórùn dídùn láti ọjọ́ pípẹ́; ìbátan rẹ̀ kan sì ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá omi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín. Láàárín ọdún 1980 sí 1989 ni Báńkì Àgbáyé polówó rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ Íńdíà láti fi dá ọ̀gbàrá dúró. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í ta lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ìsàlẹ̀ tààrà ni ó ń lọ, ó sì lè jìn tó mítà 3. Irú èyí tí wọ́n ń gbìn fún iṣẹ́ yìí kì í sì í so èso tí ń hù, nítorí náà kò ní sá kiri àgbàlá bí ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá ti wa iṣu tí ẹ̀kan gún láàárín rí kò nílò àlàyé mi lórí èyí.

Ẹ má ṣe wá èso rẹ̀ kiri. Ìdí rẹ̀ ni a ń fà ya sí wẹ́wẹ́, ọ̀mùnú 2 tàbí 3 pẹ̀lú gbòǹgbò wọn, a ó sì gé ewé rẹ̀ kù ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20. Nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni kí ẹ gbìn ín, ní ìlà kan ṣoṣo tí ó dábùú ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kí àlàfo àárín wọn má ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé mo fẹ́ ṣọ́ irúgbìn ná ní ọdún àkọ́kọ́, mo tò ó jìnnà síra, ibi àlàfo náà gan-an ni omi sì gbà. Oṣù kẹfà ọdún 2020 ni mo tún un gbìn. Ní òjò ọdún kejì, ìlà náà ti pa pọ̀, erùpẹ̀ sì ń gbá jọ sẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ewé tíì ni a gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Ènìyàn mẹ́fà ni wá nínú ilé. Omi àlùwàlá wa ní ojoojúmọ́ tó láti mú kí ó tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá ti sọ àgbàlá àwọn ẹlòmíràn di pákáǹleke. Oòrùn ni kí ẹ fún un, kí ẹ sì la ojú omi kékeré kí omi má baà dúró sí ìdí rẹ̀, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ yóò jẹrà. Etí ewé rẹ̀ mú. Ẹ má gbìn ín sí ojú ọ̀nà tí àwọn ọmọdé ń sáré gbà.

Àwọn àlejò máa ń sọ pé koríko a máa pe ejò. Ìdọ̀tí àti eku ni ejò ń bá wá. Ẹ máa yọ ewé gbígbẹ ìdí rẹ̀ kúrò kí ọyẹ́ tó dé. Èyí dára nítorí iná pẹ̀lú. Àwọn mìíràn a sì ní ewé tíì ń lé ẹ̀fọn. Títẹ̀ ni à ń tẹ ewé rẹ̀ kí òórùn rẹ̀ tó jáde dáadáa. Bí ó ṣe dúró jẹ́ẹ́ lójúde yẹn kò lé ẹ̀fọn kankan fún yín, ẹ má torí rẹ̀ ká àwọ̀n ibùsùn yín kúrò.

Ní òjò tí ó kọjá, Àlájà tún pè mí sí ìdí ògiri náà. Àyà mi já. Wọ́n ní àwọn fẹ́ díẹ̀ nínú fẹ́tífà náà fún ilé tí ọmọ àwọn ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ọ̀fà. Mo fa ogún ìdí fún wọn, mo sì fi àpò tí ó tutù wé gbòǹgbò wọn kí wọ́n má baà gbẹ lójú ọ̀nà.