Ká Kọ Ìwé Ná, Ká Tó Bẹ̀bẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlú ni, torí ó ń sọ ẹni tó ń jẹun di ẹni tó ń tọrọ, bẹ́ẹ̀ ẹni náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ń fi tákísí kó èrò. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí èrò sọ̀, ni kámíọ̀n kan bá ti ẹ̀yìn wá kọ lù ú. Ọlọ́run ṣe é, ẹnikẹ́ni kò fara pa. Awakọ̀ kámíọ̀n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní bíréèkì ló já, ó ní òun máa tún mọ́tò ṣe. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ bá a bẹ̀bẹ̀: "Fọwọ́ wọ́nú, ẹ̀mí kò kúkú lọ." Ọmọ wa gbà. Ó gba nọ́ńbà tẹlifóònù, kámíọ̀n lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, nọ́ńbà náà kò lọ mọ́. Oṣù méjì gbáko ni mọ́tò fi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ sì bá a lọ. Ó dé ilé iṣẹ́ àsíráǹsì, wọ́n ní: "Ìwé dà?" Kò rí nǹkan fọ̀.

A kò dá àwọn àgbà wọ̀nyẹn lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Àwọn baba wa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn náà ló ní bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Ìwé tí à ń wí yìí kì í ṣe ìwé kóòtù. Orúkọ rẹ̀ lédè Faransé ni constat amiable, ìyẹn ni pé pẹ̀lú ìrẹ́pọ̀ ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Awakọ̀ méjèèjì á jókòó, wọ́n á kọ orúkọ wọn, nọ́ńbà mọ́tò, orúkọ ilé iṣẹ́ àsíráǹsì àti nọ́ńbà ìwé rẹ̀, wákàtí àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n á ya bí mọ́tò méjèèjì ṣe wà, wọ́n á kọ orúkọ ẹlẹ́rìí, wọ́n á fọwọ́ sí i, kálukú á mú ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ sí i kò tíì sọ pé òun jẹ̀bi. Ohun tí ojú rí ló jẹ́rìí sí.

Kí ló dé tí ìwé yìí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Òfin àsíráǹsì kan náà ni Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń lò, Code CIMA ni wọ́n ń pè é. Yaoundé ni àwọn ìjọba ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀, lọ́jọ́ 10 oṣù keje ọdún 1992. Òfin yìí ní mọ́tò kò gbọdọ̀ rìn láìní àsíráǹsì tó máa san ohun tó bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: fún ẹlòmíràn. Àsíráǹsì tó kéré jù, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà kí ọlọ́pàá má baà dá wa dúró, kì í tún mọ́tò tiwa ṣe. Bí wọ́n bá kọ lù wá, ọ̀dọ̀ àsíráǹsì ẹni tó kọ lù wá ni owó wa wà. Bí a kò bá sì mọ ẹni náà, ọ̀dọ̀ ta la fẹ́ lọ?

Lẹ́yìn ìwé, ẹ yára sọ fún àsíráǹsì tiyín náà. Òfin ní àkókò tí ìwé àdéhùn máa fún yín kò gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ iṣẹ́ 5. Ẹ máa ka ọjọ́ 5 yẹn bí òpin. Ẹ má tún mọ́tò ṣe kí expert tó wò ó. Bí ènìyàn bá fara pa, constat nìkan kò tó, ẹ pe ọlọ́pàá kó wá kọ procès-verbal. Láàárín oṣù 12 ni àsíráǹsì gbọ́dọ̀ sọ iye tó máa san fún ẹni tó fara pa. Bí ènìyàn bá kú, oṣù 8 ló ní láti sọ ọ́ fún àwọn ẹbí rẹ̀. Kì í ṣe àánú ni wọ́n ń ṣe wá.

Mọ́tò tí a ó máa lò nígbà tí tiwa bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ńkọ́? Èyí ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀ rárá. Bí a bá fẹ́ kí àsíráǹsì tiwa fún wa ní mọ́tò, ọjọ́ tí a ń rà á ni ká ti béèrè. Wọ́n ń pè é ní véhicule de remplacement. Ó ní owó tirẹ̀, ó sì ní iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé. Ẹni tí kò rà á lè háyà mọ́tò fúnra rẹ̀, kó sì béèrè owó náà lọ́wọ́ àsíráǹsì ẹni tó jẹ̀bi, torí abala 1382 nínú Code civil ní ẹni tó bá ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá nípa ẹ̀bi rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣàtúnṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó háyà èyí tó jọ tirẹ̀, kó má kọjá iye ọjọ́ tí àtúnṣe gbà, kó sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Ọlọ́kọ̀ èrò lè béèrè owó iṣẹ́ tó pàdánù. Ìwé tó ń kọ iye tó ń pa lójoojúmọ́ ni ẹ̀rí rẹ̀, ẹni tí kò bá kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n á já iye tí wọ́n fẹ́ lé e lọ́wọ́.

Àwa tí à ń gbé ìtòsí bọ́dà Nàìjíríà máa ń rò pé bí mọ́tò tòkèèrè bá kọ lù wá, ó ti parí nìyẹn. Kò parí. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1982, tí wọ́n fọwọ́ sí i ní Kútọnu, ni Carte Brune CEDEAO ti wà fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí awakọ̀ náà bá ní in, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, orílẹ̀-èdè wa níbí la ti máa béèrè owó wa.

Ẹ̀yin àgbà, ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Bí wọ́n bá pè yín síbi ìjàǹbá, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ti kọ constat. Bí wọn kò bá tíì kọ ọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ lójú yín, lẹ́yìn náà kí ẹ wá bẹ̀bẹ̀. Ìdáríjì kò ní kí ẹni tí wọ́n kọ lù máa san gbèsè ẹni tó kọ lù ú. A sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa fi fọ́ọ̀mù constat sí ààfin kọ̀ọ̀kan àti gbogbo gáréèjì, pẹ̀lú ọ̀dọ́ kan tó mọ Faransé kà tó sì lè túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún awakọ̀ tí kò lọ sílé-ìwé. Ẹ jẹ́ ká fi èyí síwájú nínú ìpàdé tó ń bọ̀, kí ọ̀nà Parakou tó gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá yìí tó tún rán kámíọ̀n mìíràn sí wa.