Iṣẹ́ Ọba Tán, Iṣẹ́ Ìlú Kò Tán



Herbert Macaulay, tí àwòrán rẹ̀ wà lára náírà kan tí a ná nígbà kan, ẹnjiníà ni. 1864 ni wọ́n bí i. Ó kọ́ṣẹ́ ní Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di awọnlẹ̀ ìjọba l'Ékòó. Ní 1898 ó fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò jókòó.

Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa ní Àpápá, Macaulay bá a dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1921, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá wọn láre pé ará ìlú ló nilẹ̀, kí ìjọba san owó rẹ̀. Àwọn ọlọ́jà náà dúró tì í: Ìyá Àlímótù Pẹlẹwúrà, ẹlẹ́ja ọjà Eréko tí kò kàwé, ló ṣíwájú wọn. Ìrìn-àjò nítorí ìlú ni Macaulay wà ní Kano tí àìsàn fi kọlù ú. Ó kú ní 1946, ní ẹni ọdún 81.

Ẹ gbọ́ o, àwa náà ní ẹnjiníà, awọnlẹ̀ àti tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ṣé ọjọ́ òkú wọn nìkan la ó máa rántí wọn, ká ra ankò? Gọ́tà ọjà ń dí, ìwé ilẹ̀ ń dé, a kàn ń tẹ àtàǹpàkò. Ẹ jẹ́ ká lọ kí wọn báyìí, ká bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá wa wò ó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbà kò wọ kèrègbè. Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí mítíìnì.