Orúnkún agbábọ́ọ̀lù: ta ni yóò sanwó rẹ̀ lọ́la?

Nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá gba ìsinmi, bọ́ọ̀lù ni à ń wò ní Ṣábẹ, láti ìgboro dé àwọn abúlé. Ọmọ kan á ṣubú, orúnkún rẹ̀ á wú, wọ́n á da omi tútù sí i, wọ́n á fún un ní oògùn ìrora, ó tún ti wọlé nìyẹn. Àwa á pàtẹ́wọ́, a ní akọ ọmọ ni. Ṣùgbọ́n kí ni orúnkún yẹn á dà tó bá pé ẹni àádọ́ta ọdún?

Ẹ wo Gabriel Batistuta, ọmọ Ajẹntínà tó gbá bọ́ọ̀lù fún Fiorentina ní Ítálì. Ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 2005. Ní 2014, òun fúnra rẹ̀ sọ pé ìrora ọrùn ẹsẹ̀ òun pọ̀ débi pé òun tọ̀ sórí ibùsùn, bẹ́ẹ̀ ilé ìtọ̀ kò jìnnà, nítorí òun ò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ó bẹ dókítà pé kó gé ẹsẹ̀ òun. Olówó ni o, ẹ má gbàgbé. Ní 2019, wọ́n fi ọrùn ẹsẹ̀ àtọwọ́dá sí i ní Siwitsalandi.

Òun nìkan kọ́. Ní 2018, àwọn olùwádìí Yunifásítì Nottingham gbé èsì jáde lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìlú Ọba, wọ́n lé ní 1,200. Nínú 100 wọn, nǹkan bí 52 ní orúnkún ń ro. Láàárín àwọn ọkùnrin yòókù, nǹkan bí 27 ni. Ohun tó fà á ò ṣòro láti lóye. Nǹkan kan tó ń yọ̀ ló bo orí eegun níbi tí méjì ti pàdé. Ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi hù padà bí awọ ara. Bí iṣan orúnkún bá já, tí wọn ò tọ́jú rẹ̀ dáadáa, eegun á máa ha eegun. Òun ni dókítà ń pè ní arthrose, àwa ń pè é ní làkúrègbé. Abẹ́rẹ́ cortisone tí wọ́n ń gún sí oríkèé máa ń pa ariwo ìrora, kì í tún ohun tó bàjẹ́ ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí dá ọmọ rẹ̀ dúró nílé o. Ìwádìí 2017 kan fi hàn pé àwọn tó ń sáré fún ìgbádùn lásán kò ní àìsàn yìí tó àwọn tó jókòó sójú kan. Ìfarapa tí a ò jẹ́ kó jinná ni ọ̀tá.

Ọ̀rọ̀ owó wá ńkọ́? Christian Chukwu ni balógun ikọ̀ Nàìjíríà tó gba ife Áfíríkà ní 1980. Ní 2019, ẹsẹ̀ ń dà á láàmú, wọ́n ń wá 50,000 dọ́là kiri fún ìtọ́jú rẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 28 séfà. Femi Otedola, olówó epo, ló dìde. Èmi ò sọ pé bọ́ọ̀lù ló fa àìsàn bàbá náà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àánú ẹnì kan ló di ilé ìwòsàn fún balógun orílẹ̀-èdè.

Níhìn-ín ní Benẹ, ìjọba ti dá àwọn kíláàsì eré ìdárayá sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, liigi wa náà ti di ti owó oṣù. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá wọ ẹgbẹ́ tó ń sanwó fún un, ẹ béèrè ìwé àdéhùn, ẹ béèrè nọ́ńbà CNSS rẹ̀, torí CNSS ló ń bójú tó ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́. Bí orúnkún bá wú lẹ́yìn eré, kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà sílé. Lẹ́yìn ogún ọdún, kò sẹ́ni tó máa rántí pé orí pápá ló ti ṣẹlẹ̀.